Kọ́kọ́rọ́ Ṣọ́ọ̀bù Tó Ti Jóná

Aago mẹ́rin ìdájí kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Ọmọ Hausa tó ń ṣọ́ ọjà wa lóru ni. Kò gbọ́ Yorùbá, Hausa tèmi náà ò ju èyí tí mo fi ń nájà lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tó ń pè léraléra yé mi dáadáa: "Gobara! Gobara!" Iná ti sọ.

Oṣù kìíní ọdún 2024 ni, ọyẹ́ sì mú ní Kubwa, Àbújá, lọ́dún náà débi pé ètè ń là, ẹ̀jẹ̀ ń yọ. Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, mo fa báàgì mi yọ. Mo ti dé ẹnu géètì kí n tó sáré padà wọlé lọ mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lórí fìríìjì. Títí di òní, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ṣe níwájú iná. Ọwọ́ mi ló mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń mú un níbẹ̀ láràárọ̀.

Nígbà tí ọ̀kadà fi máa gbé mi dé, ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù tiwa ti pọ́n fòò. Pákó àti páànù ni wọ́n fi kàn wọ́n, wọ́n fara ti ara wọn bí èèyàn tó ń to sórí ìlà, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ń gbé iná láti orí ọ̀kan dé orí èkejì. Aṣọ, fóòmù, òwú, epo jẹnẹrétọ̀: kí ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tí iná ò fẹ́ràn? Àwọn ọkùnrin ń da omi inú kẹ́ẹ̀gì mẹ́ruwà sí i, àwọn mìíràn ń bu yẹ̀pẹ̀. Mo dúró lọ́ọ̀ọ́kán, mo di kọ́kọ́rọ́ méjèèjì mọ́wọ́ títí wọ́n fi tẹ àpá sí mi ní àtẹ́lẹwọ́. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí ti wó.

Àwọn kan ní wáyà ló gbiná. Àwọn mìíràn ní ẹnì kan ló gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí tábìlì. Mi ò wádìí rẹ̀, nítorí kò sí èyí tó máa dá nǹkan padà fún mi nínú méjèèjì.

Maṣíìnì mẹ́ta, ẹ̀rọ tó ń di etí aṣọ, jẹnẹrétọ̀, tábìlì tí a fi ń gé aṣọ, àpótí òwú àti sípù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kó ní Kánò lẹ́yìn ọdún Kérésì: gbogbo rẹ̀ di eérú. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ni mo sunkún sí. Singer ọlọ́wọ́ kan ni, dúdú, tí àwọ̀ góòlù ara rẹ̀ ti ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi ló ni ín. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ti fi í rán aṣọ títí èmi àti àwọn àbúrò mi fi jáde ilé ìwé. Mi ò fi í rán aṣọ oníbàárà. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo gbé e sí, òun ni gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi sì fi ń kọ́ bí ìlà ṣe ń lọ tààrà: bébà àpò sìmẹ́ǹtì ni wọ́n máa ń rán lórí rẹ̀, láìfi òwú sí abẹ́rẹ́, títí ihò yóò fi tò láìwọ́.

Mo rí i nínú eérú nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Igi ìdí rẹ̀ ti jóná tán. Irin rẹ̀ kò jóná, ṣùgbọ́n ó ti là láti ọrùn. Bàbá wẹ́dà tó wà ní iwájú ọ̀nà wò ó, ó ní iná kọ́ ló là á, omi tútù tí wọ́n dà sí i nígbà tó gbóná ni. Àwọn tó ń gbìyànjú láti gbà mí ló là á. Mo fi ìborùn mi gbé e. Abẹ́ rẹ̀ ṣì gbóná.

Síbẹ̀, tèmi kọ́ ni ó burú jù. Aṣọ oníbàárà ni. Ẹni mọ́kànlélógójì ni aṣọ wọn wà lọ́wọ́ mi. Méjìlélógún nínú wọn jẹ́ aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan ṣoṣo tó kù bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, léèsì olówó ńlá, mo ti gé gbogbo rẹ̀. Ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n wọn sí náà bá a lọ.

Àwọn èèyàn wá kí mi, Ọlọ́run mọ̀. "Ẹ kú àdánù." "Ẹ dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò bá a lọ." Mo dúpẹ́, tọkàntọkàn, nítorí ọmọ iṣẹ́ mi kan máa ń sùn síbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, kò sì sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, etí mi kún. Ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wá sọ fún mi pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo mọ òwe náà, mo ti fi kí ẹlòmíràn rí. Ìgbà tó wá kàn mí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ: ilé ọba ni wọ́n wí. Bí ààfin bá jó, gbogbo ìlú ni yóò po amọ̀. Ta ló ń po amọ̀ fún aránṣọ ní ìgboro Kubwa?

Àwọn mìíràn ní ìlọ́po méje ni Ọlọ́run máa fi dá a padà, kí n ṣáà kéde rẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, mi ò sì ní fi ìfẹ́ ẹnikẹ́ni gbolẹ̀. Mo kàn lọ ka ìwé Jóòbù fúnra mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tí mi ò ṣe rí. Òótọ́ ni, àgùntàn rẹ̀ tó jẹ́ 7,000 di 14,000, ràkúnmí 3,000 di 6,000. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin méje àti ọmọbìnrin mẹ́ta ni ó sin, ọmọkùnrin méje àti ọmọbìnrin mẹ́ta náà ni ó tún ní. Ti ọmọ kò di ìlọ́po méjì. Mo pa Bíbélì dé sórí ẹsẹ̀ mi níbẹ̀, mo sì jókòó pẹ́. Ó dà bíi pé ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé àwọn nǹkan kan wà tí a kì í fi iye dípò wọn.

Mo bínú sí Ọlọ́run. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí torí mo mọ̀ pé ẹnì kan ń kà á tí inú òun náà ń ru, tí ẹ̀rù sì ń bà á láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Èmi tí mo rán aṣọ ẹgbẹ́ akọrin láìgba kọ́bọ̀. Èmi tí mi ò jẹ ìdámẹ́wàá. Mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ní ká gbé ohùn sókè gbàdúrà, ẹnu mi á wúwo bí ẹni tí wọ́n so òkúta mọ́ ahọ́n rẹ̀. Mo ń dì í mú kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi má mọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, mi ò gbàdúrà kankan.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni Bàbá wá. Àgbàlagbà ni nínú ìjọ wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi, a kì í sì í sọ̀rọ̀ ju "ẹ kú iṣẹ́ Olúwa" lọ láàárín ara wa. Mo gbé àga oníke sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún un. Mo ní ẹ jẹ́ n wá nǹkan fún yín, Bàbá. Ó ní omi tó. Ó mu ún, ó fi fìlà sórí orúnkún, ó sì jókòó. Wọ́n pe ìrun ìrọ̀lẹ́ ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa, wọ́n kírun tán, ilẹ̀ ṣú, Bàbá ò sọ nǹkan kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ara ń ta mí. Nígbà tó yá, mo rí i pé mo ń mí dáadáa. Inú Jóòbù yẹn kan náà ni wọ́n ti ní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó tì í lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ méje láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n tó ṣì í ṣe.

Ìgbà tó pẹ́, ó béèrè pé: "Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?"

Mo wò ó. Mo wọlé lọ mú un wá láti orí fìríìjì. Ibẹ̀ ni mo tún gbé e padà sí.

Ó ní Kumasi ni wọ́n bí òun sí. Àwọn ará ilé wa ti wà ní Gánà tipẹ́, ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí. Ìṣòwò ni wọ́n bá lọ, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi ilẹ̀ Gánà sílẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni Bàbá nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ta ọjà ní iyekíye tí wọ́n bá ṣáà ti pè é, àwọn aládùúgbò kan sunkún, àwọn kan ń dúró de àwo. Ní ọjọ́ tí wọ́n máa wọ ọkọ̀ lọ́rì, ìyá náà gbá yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀. Wọ́n gba Tógò, wọ́n gba Dàhòmì, wọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ó fi kọ́kọ́rọ́ náà kọ́ sára ìṣó lókè ibùsùn, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú. Kò padà sí Kumasi láéláé.

"Mo máa ń bínú sí kọ́kọ́rọ́ yẹn," ni Bàbá wí. "Mo rò pé kò gba Ọlọ́run gbọ́ tó."

Lẹ́yìn náà ni òun náà wá sí òkè Ọya, ó ń ta bàtà ní ọjà ńlá Jos. Ẹni tó bá gbé Jos láyé ìgbà yẹn ò ní gbàgbé oṣù kejì ọdún 2002, nígbà tí ọjà yẹn jó. Ó ní òun dúró ní Terminus, àdúgbò ọjà náà, pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn tó ń wo iṣẹ́ ayé wọn bó ṣe ń gòkè lọ di èéfín, òun ki ọwọ́ bọ àpò, òun sì kan kọ́kọ́rọ́. Ó ní ọjọ́ yẹn ni òun tó bẹ ìyá òun, tó ti wà ní sàárè, kó dárí ji òun.

Mo béèrè pé: "Bàbá, kí lẹ wá fi kọ́kọ́rọ́ tiyín ṣe?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi fún bí oṣù mẹ́jọ. Mo wá ra àgádágodo tuntun, kọ́kọ́rọ́ tuntun sì wà nínú rẹ̀."

"Ọlọ́run ńkọ́, sà?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Mo bá a jà. Ó tó ọdún kan. Kò bínú lọ."

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ni mo gbé sùn. Kò bínú lọ. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń di ẹnu mi, mo ti rò pé bí mo bá sọ ohun tó wà níkùn mi, Ọlọ́run máa dìde kúrò lórí àga. Mo fẹ́ pa á mọ́ sílé nípa dídákẹ́, bí ẹni ń fi ọ̀wọ̀ òde bá àlejò gbé.

Kí Bàbá tó lọ, ó ní kí n kọ orúkọ gbogbo ẹni tí mo jẹ ní gbèsè sílẹ̀. Mi ò fẹ́ kọ ọ́. Iná ti lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo tàn, mo mú ìwé ìkọ̀wé ọmọ mi tó ṣófo, mo bẹ̀rẹ̀. Mo ń wá orúkọ wọn nínú WhatsApp, mo ń rántí aṣọ wọn: búbá aláwọ̀ ewé, ẹni tó fẹ́ kí ọwọ́ gùn torí àpá ìgbóná. Mo kọ ọ́ dé orúkọ kọkànlélógójì. Bí mo ṣe ń fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, nǹkan kan tú nínú àyà mi. Ẹni tó ń kọ gbèsè sílẹ̀ ti gbà pé òun máa wà láyé láti san án. Mi ò mọ̀ pé mo ti gbà bẹ́ẹ̀ kí n tó rí i nínú ìkọ̀wé ara mi.

Ní ọjọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Mo pe ìyá ìyàwó ní Gwarinpa lákọ̀ọ́kọ́, torí òun ni ẹ̀rù rẹ̀ bà mí jù. Ó ti gbọ́ nípa iná, kò ṣáà mọ̀ pé aṣọ wọn wà níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó pariwo, ó bú mi, ó ní kí ló dé tí mo fi fi í pa mọ́ fún òun láti ọjọ́ yìí, ó sì pa fóònù mọ́ mi létí. Ó jàre. Lọ́jọ́ kejì, òun ló pè. Ó ní òun ti bá ẹbí sọ̀rọ̀, àǹkárá ni wọ́n máa wọ̀, òun ti ra á. Ó ní ṣé mo lè rán méjìlélógún láàárín ọjọ́ tó kù. Mo ní, "Mà, mi ò ní maṣíìnì." Ó ní, "Ẹ wá a." Mo ní mi ò ní gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Ó ní, "Mi ò bi yín ní ti owó."

Ibo ni mo ti fẹ́ rí maṣíìnì? A ń dá èsúsú ní ọjà wa, obìnrin méjìlá, ₦20,000 lóṣù. Nọ́ńbà kẹwàá ni tèmi. Nọ́ńbà kejì ni ti Alhaja ará Ìlọrin tó ń ta èlùbọ́, owó oṣù kejì sì ni. Ààwẹ̀ ọdún yẹn máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, gbogbo wa mọ̀ pé ọjà ààwẹ̀ ló fẹ́ fi owó náà kó. Ó ránṣẹ́ pè mí sí ìsọ̀ rẹ̀, ó ka ₦240,000 sórí àpò èlùbọ́, ìyẹ̀fun funfun lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní kí n gba tòun, òun á gba tèmi lóṣù kẹwàá.

Mo ní, "Alhaja, ẹ ò mọ̀ bóyá màá lè dá ti oṣù tó ń bọ̀ pàápàá."

Ó ní, "Ọlọ́run tó ni oṣù kẹwàá ni mo fi í tì, ìwọ kọ́. Kó owó ẹ, oníbàárà ń dúró."

Amọ̀ ti dé, mi ò tíì mọ̀ pé amọ̀ ni.

Mo ra maṣíìnì tòkunbọ̀ kan, mo gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì padà wá, ọ̀kan ń gé, ọ̀kan ń fi ọwọ́ gán etí. Alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni àdúrà mi padà, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Iná ò sí, àtùpà ń mì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo fẹ́ fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Mo fi itọ́ tọ́ ọ, mo fi ẹyín gé e, kò wọlé. Mo tún un ṣe, kò wọlé. Láìronú, mo ní, "Olúwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí òwú yìí wọlé." Mo gbọ́ ohùn ara mi. Mo wá sunkún, mo ń sọ ìyókù fún un, nípa maṣíìnì ìyá mi, nípa ìbínú mi, mi ò to ọ̀rọ̀ náà, mi ò fi "ní orúkọ" kankan parí rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi dákẹ́, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ wọn. Òwú wọlé ní ìgbà kẹta.

A rán méjèèjìlélógún pé. Wọ́n wọ̀ ọ́, ó yẹ wọ́n.

Ó ti ń lọ sí ọdún méjì báyìí. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ, mo sì ní kẹ́ẹ̀gì omi méjì lẹ́nu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bù. Singer ìyá mi tó là náà wà níbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ní kò ṣeé jó mọ́ra. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ṣé Ọlọ́run ti dá a padà ní ìlọ́po, màá ní rárá, mi ò sì ní sọ ọ́ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ohun tí mo ní kò tó ìdajì ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n mo ń bá a sọ̀rọ̀ báyìí bí mo ṣe ń bá ẹni tó wà nínú yàrá sọ̀rọ̀. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù mi kún, mi ò sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Àtòjọ ohun tí mo fẹ́ ni mo máa ń kà sí i létí.

Lórí àtòjọ ẹni mọ́kànlélógójì yẹn, ẹnì kan ló kù. Aṣọ òkè ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló gbé wá, kí n bá a tún un rán kó lè wọ̀ ọ́. Òun ló kó ọlọ́pàá wá sílé mi. Níwájú wọn, a fẹnu kò sí ₦250,000, ₦10,000 lóṣooṣù. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó bi mí pé: "Ṣé owó yìí ni màá wá máa pè ní ìyá mi?" Mi ò ní èsì. Nínú gbogbo wọn, òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi jù, torí mo ní irin kan tó là nílé. Lóṣooṣù, bí mo bá ti fi owó ránṣẹ́, mo máa ń pè é láti sọ fún un. Kò gbé e rí. Mo máa ń gbàdúrà fún un pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, àti fún ìyá rẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, ó gbé e. Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, mo ti fi toṣù yìí ránṣẹ́." Ó ní, "Mo ti rí i." Mo dúró de kó pa á. Kò pa á. Mo ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ kan ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ṣé ọyẹ́ ti dé Kubwa lọ́hùn-ún?"

Mo ní, "Ó ti dé, mà. Àárọ̀ àná ló dé."